Ìyá Olga, Ọmọ Arò ní Bàhíà



Ọ̀rọ̀ ìyá ni ọ̀rọ̀ òní. Ní 1925 ni wọ́n bí Olga Francisca Régis, tí gbogbo Bàhíà mọ̀ sí Olga do Alaketu. Wọ́n papò dà ní 2005.

Ìtàn ilé wọn sọ pé ọmọbìnrin ilé Arò, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní Kétu, ni ó tẹ ilé òrìṣà wọn dó. Ìyálórìṣà ni Ìyá Olga. Wọ́n bímọ, wọ́n tọ́mọ. Àwọn tí wọ́n dá òṣù fún pàápàá ń pè wọ́n ní ìyá. Ọmọ wọn obìnrin ni ó jókòó sí ipò wọn.

Èdè Potogí ni wọ́n ń ná ọjà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin fún òrìṣà. Oko ẹrú kò gbà á lẹ́nu wọn. Ní Kétu níbí, ta ni ó kó ọmọ lẹ́rú? Síbẹ̀, ọmọ mìíràn ń fi Faransé kí ìyá àgbà, ìyá àgbà kò sì mọ èsì tí yóò fọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ́ ọmọ ní Faransé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fi Yorùbá pè é nílé.

Ọdún á yabo o.