Àjẹìwẹ̀yìn Kò Yẹ Ọmọlúàbí

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìdènà kúrò lára sátẹ́láìtì tí ń júwe ọ̀nà, ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer fi korobá dúdú kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí ó kó ẹrù wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, tí ó sì kéde ibi tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni eré geocaching, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́, ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rí irú korobá bẹ́ẹ̀ yóò kọ orúkọ sínú ìwé inú rẹ̀; bí ó bá mú nǹkan, yóò fi ohun tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò; kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ síbẹ̀, kí ẹranko má baà tú u ká; yóò sì dá a padà sí ojú ibi tí ó ti bá a, láìjẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì rí i.

Kò sí ọlọ́pàá nínú igbó náà, ìwà nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹsẹ̀ wa bá tẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.