Iṣẹ́ Tí Ìwé Rán Wa: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde, ẹ kú oríire.

Jikwoyi níbí ni ọ̀pọ̀ nínú yín dàgbà sí, láàárín Gbagyi, Haúsá, Tiv àti Ígbò. Síbẹ̀, a jọ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní kíláàsì Yorùbá. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń du ibi tí Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn bá ti yọjú, tí kálukú á ní òun lòun máa kà á sókè. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi dágbére fún yín.

Olùkọ́ bíi tiwa ni D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, ọmọ Òkè-Igbó. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde. Ẹ wo ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Amos Tutuola ará Abẹ́òkúta kò rówó kàwé jìnnà, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ó tọ ipasẹ̀ Fágúnwà, ó kọ ìtàn tirẹ̀, ilé ìtẹ̀wé Faber ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì gbé e jáde ní 1952. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ló ya àwòrán sí ìtumọ̀ náà. Ìwé kan ṣoṣo ló rán àwọn mẹ́ta níṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bó ṣe rí nínú ìtàn náà nìyẹn. Nígbà tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, ń lọ sí Òkè Lángbòdó, agbára ni Kàkò mú wá, Ìmọ̀dóye mú ọgbọ́n wá, Olóhùn-Iyọ̀ sì mú ohùn dídùn wá. Ẹ̀yin náà, ẹlòmíràn ń lọ sí yunifásítì, ẹlòmíràn ń lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹlòmíràn ń lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ọjà. Kò sí èyí tí ìwé kò lè bá lọ nínú wọn.

Ìdánwò ti parí, ìwé kíkà kò parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta ìwé yẹn fún alákàrà. Ẹ tún un kà kí ọdún tó yí, kí kálukú sì bi ara rẹ̀ léèrè iṣẹ́ tó rán an, kó sì jẹ́ ẹ. Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín. Ọ̀nà yín á là.