Orí Wáyà Tó Yẹ Fèrè Ọkọ̀ Ojú Omi
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọlọ́kọ̀ àti apẹja sọ ní Ìgbókòdá



Ọ̀pọ̀ wa ló ń yọ fèrè àtijọ́ kúrò, tí a ń fi fèrè mọ́tò tó ń dún kíkan sí ọkọ̀ ojú omi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ àti kùrukùru òwúrọ̀, ojú kì í ríran jìnnà. Etí la fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Òfin ìrìn ọkọ̀ lójú òkun tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ní 1972 ní kí ọkọ̀ tí kò tó mítà 12 pàápàá ní ohun tí yóò fi dún ketekete, kí ó sì má jẹ́ kí ìṣẹ́jú 2 kọjá láìdún bí ó bá ń rìn nínú kùrukùru.

Ṣùgbọ́n fèrè tí orí wáyà rẹ̀ ti jẹrà, odi ni. Iyọ̀ ló ń bà á jẹ́. Omi òkun á wọ ojú ìsopọ̀, bàbà á yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé, iná kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Fèrè méjì lè gba áńpù 10. Bí ìsopọ̀ tó bàjẹ́ bá gba fóltì 2 nínú 12 tí bátìrì ní, ohùn fèrè á rẹlẹ̀. Fóltì 2 náà kò ṣègbé: yóò di wáàtì 20 ooru nínú irin tí kò ju èékánná lọ, èyí tó lè yọ́ rọ́bà. Ẹ sì rántí pé bẹntiróòlù wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Báwo la ó ṣe yan èyí tó yẹ?

Èkínní, kí orí wáyà bá ìwọ̀n wáyà mu. Pupa wà fún wáyà 0.5 dé 1.5, búlúù fún 1.5 dé 2.5, yẹ́lò fún 4 dé 6. Bí bátìrì bá wà lẹ́yìn tí fèrè wà níwájú, wáyà 4 àti orí yẹ́lò ni kí ẹ lò.

Èkejì, ẹ wo ìrísí rẹ̀. Ahọ́n ọ̀pọ̀ fèrè fẹ̀ tó mílímítà 6.3; orí wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì í mú gírígírí. Níbi tí nọ́ọ̀tì bá wà, bí orí bátìrì, olórùka ni kí ẹ lò, nítorí ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú òòfà lọ sọ́jà. Èyí tí òòfà bá fà, irin ni, yóò dípẹtà. Bàbà tí a fi tánganran bò ló ń pẹ́ nínú iyọ̀.

Ẹ̀kẹrin, píláyà tí a ṣe fún un ni kí a fi fún un mọ́ wáyà, kì í ṣe eyín tàbí òòlù. Ẹ fọwọ́ fà á wò. Kí ẹ fi rọ́bà onígọ́ọ̀mù tí iná ń sún kì bò ó. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a sì fi ọ̀rá dì í kò tó.

Ẹ̀karùn-ún, bọ́tìnnì kékeré kò lè gbé áńpù 10. Riléè ló yẹ. Kí iná bátìrì gba inú fíúsì áńpù 15 wọ ẹsẹ̀ 30, kí 87 lọ sí fèrè, kí 85 àti 86 jẹ́ ti bọ́tìnnì. Kí fíúsì náà súnmọ́ bátìrì.

Ìbéèrè mi sí ìgbìmọ̀ rèé: ẹni tó bá wá yá owó fèrè, kí owó wáyà, orí wáyà, riléè àti fíúsì wà nínú ẹ̀yáwó náà. Kí ẹgbẹ́ ra orí wáyà ní páálí, kí a sì ní píláyà kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè lò. Kò sí ẹni tó lè dá páálí rà, ṣùgbọ́n a ó rà á pọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.