Owó Ìpẹ̀jọ́ Lórí Owó Orí: $60 Ni, Kì í Ṣe Ìdá Mẹ́wàá

Ẹni tó wà nínú BRT, ẹ rọra di fóònù yín mú.

Olùgbọ́ wa kan ní Houston ló fi voice note ránṣẹ́. Uber ló ń wà níbẹ̀. IRS kọ̀wé sí i, Notice of Deficiency ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, pé owó orí rẹ̀ ku $18,400. Ó gbà pé òun jẹ gbèsè díẹ̀, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé bó bá pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ gba ìdá mẹ́wàá owó náà. Ó ní, “Àbúrò, ṣé kí n kúkú san án kí n sinmi ni?”

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fara balẹ̀. $60 ni.

United States Tax Court ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, òfin sì ní owó ìpẹ̀jọ́ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá $60. Ẹni tí wọ́n ń béèrè $900 lọ́wọ́ rẹ̀ á san $60. Ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń béèrè mílíọ̀nù 900 lọ́wọ́ rẹ̀, $60 náà ni. Ẹni tí kò bá ní $60 yẹn gan-an, fọ́ọ̀mù wà tó lè fi bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n má gbà á.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ ò ní kọ́kọ́ san $18,400 náà kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu yín. Àmọ́ èlé ò dúró o. Bí ẹjọ́ bá fi ọdún kan falẹ̀, tí wọ́n sì ní ẹ jẹ gbèsè náà, èlé ọdún yẹn wà lórí rẹ̀.

Mo fura sí ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé iye tí ẹ ń jà lé lórí ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìpẹ̀jọ́. Jámánì wà lára wọn. Níbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín iye tí ìjọba pè é àti iye tí ẹ̀yin gbà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní €10,000, ẹ ní €7,000: orí €3,000 ni ìṣirò dúró lé. Tí àlàfo yẹn bá wá jẹ́ €400 péré, wọ́n á ṣírò rẹ̀ bíi pé €1,500 ni. Ẹni tó ń jà nítorí owó kékeré ni ìyẹn ń pa lára, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé wa ńkọ́? Ní 2021, Federal High Court gbé ìlànà kan jáde pé ẹni tó bá fẹ́ tako owó orí tí wọ́n bù fún un, kó kọ́kọ́ fi ìdajì rẹ̀ sínú àkáǹtì ilé ẹjọ́ tó ń mú èlé wá. Lọ́yà á ní ìyẹn kì í ṣe owó ìpẹ̀jọ́, torí pé ó ṣeé gbà padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyẹn fún ilé iṣẹ́ kékeré tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ọjà.

Ká padà sí Houston. Torí pé owó yín kò ju $50,000 lọ fún ọdún kan, ẹ lè ní kí wọ́n gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ kékeré. Ìlànà rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lẹ́yìn rẹ̀. Adájọ́ á wá gbọ́ ọ ní Houston níbẹ̀, ẹ ò ní lọ sí Washington. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ san gbogbo owó náà, kí ẹ béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ IRS, bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ lọ sí District Court. $405 ni ti ibẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ló fìdí “san gbogbo rẹ̀ ná” yìí múlẹ̀ ní 1960, nínú ẹjọ́ Flora.

Ọjọ́ 90 lẹ ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ já a. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè fi ẹjọ́ náà sílẹ̀, DAWSON ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí IRS o, ilé ẹjọ́ ló ni ín.