Ìṣẹ́jú 20 Kò Tó Láti Fi Dá Ẹjọ́ Wárápá

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Gbogbo wa ni a mọ arákùnrin wa tí ó ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ ní oṣù tí ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá ní kí ó lọ ya ìgbì ọpọlọ. Ó lọ, ó mú bébà dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun gbogbo dára. Ni máníjà bá ní irọ́ ni ó ń pa, pé ọ̀lẹ ni, ó sì fẹ́ fún un ní ìwé gbélé-ẹ. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n mo lọ bi dókítà léèrè, ohun tí mo gbọ́ sì ni mo wá sọ.

Iná mànàmáná tín-ín-rín ni ọpọlọ wa fi ń ṣiṣẹ́. Ará Jámánì kan, Dókítà Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ ya iná yìí láti orí ènìyàn ní 1924. Wọn a lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké bíi 20 mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ a sì máa fa ìlà. Kì í dunni, kì í sì í fi iná sínú ọpọlọ bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọ òróró kúrò lórí kí ẹ tó lọ, kí irin lè lẹ̀.)

Ìjì iná nínú ọpọlọ ni wárápá, ìjì kì í sì í jà ní gbogbo ìgbà. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń ṣe kì í ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ. Ẹ̀yin fítà, mélòó ni ẹ̀rọ tí ó há lóru, tí ẹ dé ìdí rẹ̀ láàárọ̀, tí ó ń lọ geere? Ṣé ẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ń lò ó purọ́?

Nínú ẹni 10 tí ó ní wárápá lóòótọ́, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà rí àmì rẹ̀ lára ju bíi 5 lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é dé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó lè tó 8. Àmì náà a máa yọ nígbà tí ènìyàn bá ń tòògbé tàbí tí ó bá sùn, nítorí náà ni dókítà fi lè ní kí aláìsàn má sùn tó lóru ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ó sì sàn kí wọ́n ṣe é láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí ó ṣubú. Tiwa ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó rán an lọ! Níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà, wọn a fi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ yà á, kámẹ́rà a máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n lè rí ìlà àti ara lẹ́ẹ̀kan náà bí ìjì bá dé. Owó rẹ̀ pọ̀.

Ìwọ̀nba ènìyàn wà pẹ̀lú tí kò ṣubú rí, tí irú àmì yìí sì wà lórí bébà wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òun yóò fi ẹ̀rọ yìí ṣa àwọn tí ń wá iṣẹ́, kí a kọ̀.

Dókítà ní ẹ̀rí ẹni tí ó rí i ni ó ṣe kókó jù. Ọwọ́ wo ni ó kọ́kọ́ gbọ̀n? Ó ha gé ahọ́n jẹ? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó? Ẹni tí ó dákú lásán náà a máa ṣubú. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ ya fídíò rẹ̀ fún dókítà. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wárápá kì í ràn, itọ́ rẹ̀ kì í ràn. Mo sọ èyí nítorí mo rí àwọn tí ó sá lọ́jọ́ náà.

A ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n sanwó àyẹ̀wò mìíràn, èyí tí ó gùn, tí oorun wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé arákùnrin wa lọ sí ilé ìkẹ́rù láìdín owó rẹ̀ kù títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a óò jókòó lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣubú, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé, kí n kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni mo ti rí. Mo mọ̀ pé ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.