Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Iyè Ẹ̀rọ Adarí Tí Ń Lo Iná Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa

  

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ lè ṣe àjèjì létí ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí a ṣe lè dáàbò bo iyè ẹ̀rọ adarí tí ó ń jẹ iná láti inú ọkọ̀. Olùkọ́ ni mo jẹ́, èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí, ó sì kan ìlú wa, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí a ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ títí láé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ọkọ̀ agbomi tí ẹgbẹ́ wa rà láti máa pín omi fún àwọn àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò dé. Àpótí irin kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ adarí wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní PLC. Òun ni ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà omi, òun ni ó ń tì í, òun náà ni ó sì ń ka iye lítà tí ó jáde. Ní alaalẹ́, akápò a wo iye tí ẹ̀rọ kà, a sì fi wé owó tí awakọ̀ mú wálé. Ní ọdún kìíní, méjèèjì bá ara wọn mu. Ní ọdún kejì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi tí ó pọ̀ ju owó lọ. Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ náà a tó ẹgbẹ̀rún lítà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ pe awakọ̀, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A ní ẹ̀rọ kì í purọ́. A ní kí ó lọ jókòó sílé. Èmi ni mo kọ ìwé náà, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i.

Oṣù méjì gbáko ni ọkùnrin náà fi wà nílé. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí olóòótọ́, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò dáwọ́ dúró. Ìgbà yìí ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ iná wálé fún Ọdún Àjíǹde, a bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa wò ó. Ó so ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná mọ́ orí bátìrì, ó sì ní kí awakọ̀ máa sítáàtì ọkọ̀, kí ó máa pa á, nígbà mẹ́wàá. Kí awakọ̀ tó yí kọ́kọ́rọ́, iná náà wà ní fóòtì 25. Bí ó ti yí i, ó já wálẹ̀ sí fóòtì 14. Ojú ẹ̀rọ adarí ṣókùnkùn, ó sì tún mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, iye tí ó gbé jáde kì í ṣe èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lítà ti wọ inú ìṣirò. Àwa tí a dúró níbẹ̀ wo ojú ara wa, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ni ó fa èyí? Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ń wá ẹ̀rọ kan tí yóò rọ́pò ọ̀pọ̀lọpọ̀ rílè àti wáyà tí ń darí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Modicon 084, èyí tí ó jáde ní 1969. Ẹ ó rí i pé inú ilé iṣẹ́ ni a bí irú ẹ̀rọ yìí sí, kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́rì. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ń lo fóòtì 24 ni a ṣe láti gba iná tí kò dín ní fóòtì 20.4, tí kò sì ju 28.8 lọ.

Iná ọkọ̀ kò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12 ni a so pọ̀ nínú lọ́rì ńlá. Bí ọkọ̀ bá sinmi, iná wọn a wà ní nǹkan bíi 25. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí altánétọ̀ sì ń fún bátìrì ní oúnjẹ, a gòkè sí nǹkan bíi 28, èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Cadillac ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe, ní 1912, ni awakọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ fífi irin yí ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n alájẹkì ni sítátà. Bí ó bá jí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere ni ó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, iná tí ó kù fún àwọn yòókù a sì wó lulẹ̀. Bí bátìrì bá ti gbó, tí orí rẹ̀ sì ti hu ìpẹtà, ìwólulẹ̀ náà a jinlẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ wa fi ṣe dáadáa ní ọdún kìíní, tí ó sì yí padà ní ọdún kejì.

Ewu mìíràn wà lókè. Bí wáyà bátìrì bá bọ́ nígbà tí altánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkan, iná tí kò ríbi lọ a fò sókè lójijì. Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 16750-2, èyí tí a fi ń dán ohun èlò iná ọkọ̀ wò, ka irú ìfòsókè bẹ́ẹ̀ sí fóòtì 151 sí 202 fún ọkọ̀ onífóòtì 24 tí kò ní ohun tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹ̀rọ tí a kò dáàbò bò.

Ẹ óò bi mí pé: bí iná bá lọ, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ kàn máa kú, kí ó sì tún jí? Ì bá rọrùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni iyè rẹ̀ fi ń dàrú. Èkínní, bí iná bá dín kù tí kò sì tán, ẹ̀rọ kò kú, kò sì yè. A dà bí aláìsàn tí ibà dé ojú rẹ̀: ó ń gbọ́ àṣẹ ní àgbọ́yé, ó sì ń kọ̀wé sí ibi tí kò yẹ. Èkejì, iṣẹ́ kíkọ a máa dúró ní àárín méjì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ iléèwé kan fẹ́ yí 1999 padà sí 2000 lójú pátákó. Ó nu 1, ó kọ 2, agogo lù, ó sì sá jáde. Kí ni ó kù lójú pátákó? 2999 ni. Ọmọ náà kò jí ẹgbẹ̀rún kan fi kún un; a kàn kò jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kà sí awakọ̀ wa lọ́rùn kò ju èyí lọ.

Ẹ̀kẹta, irú iyè kan wà tí a ń pè ní EEPROM, tí kì í gbàgbé bí iná bá tilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ń gbó bí a bá ń kọ ọ́ ní àkọtúnkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fọwọ́ sọ̀yà fún ìgbà 100,000 lójú kan náà. Bí ẹni tí ó kọ ètò iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ní kí ó máa kọ iye omi síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 86,400 ni yóò kọ ní ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ná gbogbo ìgbà 100,000 náà tán.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ààbò. Iná ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Kí ẹ̀rọ adarí ní wáyà tirẹ̀ tí ó nípọn, láti orí bátìrì gan-an, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì. Kí wáyà ìpadàbọ̀ rẹ̀ náà dé orí bátìrì, kí ó má ṣe gba ara irin ọkọ̀ kọjá. Kí a fi ohun èlò tí ń gbé ìfòsókè iná mì sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, kí a fi àpótí kékeré tí ń jẹ́ DC-DC converter sí àárín. Èyí tí a ṣe láti gba fóòtì 9 títí dé 36 wà lórí àtẹ. Bí iná ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò láàrin ìwọ̀n yìí, fóòtì 24 tí ó dúró ṣinṣin ni àpótí náà yóò máa fún ẹ̀rọ.

Kí a sì ní amù lẹ́yìn ilé. Ìyá wa kì í dúró de ìgbà tí omi bá dá kí ó tó pọnmi sínú amù. Kapásítọ̀ ni amù iná. Kò lè gbé ẹ̀rọ kọjá gbogbo àkókò tí sítátà fi ń yí ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n ó lè fún un ní àkókò díẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí kí ó tó sùn. A gbọ́dọ̀ fi dáyódù síwájú rẹ̀, èyí tí ó dà bí ilẹ̀kùn tí ń ṣí sínú nìkan, kí sítátà alájẹkì má baà yí padà wá mu omi inú amù. Bí iṣẹ́ náà kò bá gbọdọ̀ dúró rárá, kí a fún ẹ̀rọ ní bátìrì kékeré tirẹ̀.

Lẹ́yìn iná ni ètò iṣẹ́. Kí olùṣọ́ kan wà tí yóò máa wo iná, tí yóò kìlọ̀ fún ẹ̀rọ bí ó bá ti ń já wálẹ̀, tí yóò sì dá a dúró pátápátá bí ó bá kéré jù, nítorí ó sàn kí ẹ̀rọ sùn ju kí ó máa rìn lójú oorun. Kí a kọ iye omi sí ibi méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì ìṣirò tí ń fi hàn bóyá ó pé. Bí ẹ̀rọ bá jí, tí ó rí i pé ọ̀kan kò pé, yóò mú èkejì. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, kí ó ti ẹnu ọ̀nà omi, kí ó sì pe ènìyàn. Kí ó má ṣe méfò. Kí a máa kọ iye náà nígbà tí omi bá dá àti nígbà tí iná bá fẹ́ lọ, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí a lo irú iyè tí ń jẹ́ FRAM, tí ó lè gba àkọtúnkọ jù EEPROM lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ àwa ènìyàn. Kí awakọ̀ sítáàtì ọkọ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ adarí, kí ó sì pa ẹ̀rọ kí ó tó pa ọkọ̀. Kí wẹ́dà má ṣe jó irin lára ọkọ̀ láìjẹ́ pé a ti yọ wáyà ẹ̀rọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bí àwọn kan ti máa ń ṣe láti dán altánétọ̀ wò.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ ń bẹ lẹ́yìn odi, ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Fóòtì mélòó sí mélòó ni ó lè gbà? Kí ni ó ń ṣe bí sítátà bá ń yí? Ibo ni ó ń kọ ìrántí rẹ̀ sí? Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ pé ohun tí ó rántí pé? Bí ẹni tí ń tà kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

A ti ṣe púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí sí ọkọ̀ wa. A pààrọ̀ bátìrì, a tún wáyà rẹ̀ fà, a sì fi àpótí aṣàtúnṣe iná àti amù sí i. Láti ìgbà náà, omi àti owó ti ń bá ara wọn mu. Awakọ̀ wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ sì ti san owó oṣù méjèèjì fún un.

Ṣùgbọ́n owó kò lè san gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù méjì yẹn, àwọn kan kò dá a lóhùn ní ìta. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú ní iléèwé tí èmi fúnra mi ti ń kọ́ni. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹ̀rọ nìkan ni a gbọ́ tí a fi dájọ́, a kò sì béèrè bóyá ara ẹlẹ́rìí wa yá. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nílé rẹ̀. Mo tún tọrọ rẹ̀ níhìn-ín, níwájú gbogbo ìlú, mo sì bẹ olóòtú ìwé wa kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ibi tí ẹ̀sùn náà dé lè gbọ́ ìdáláre rẹ̀.