Ta Ló Jẹ Ṣọ́ọ̀bù Lówó Jù?

Ìyá aláró tí wọ́n pè síbi ìdágbére àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde aláró l'Abẹ́òkúta kò tètè dórí ọ̀rọ̀. Ó kí alága, ó kí olùkọ́, ó kí òbí; àwọn tó gbé kánópì wá pàápàá jẹ nínú ìkíni náà. Ìgbà tí yóò fi kan Ìyálọ́jà, àísìkirímù ọmọ kan ti yọ́ sára aṣọ.

Ó wá ní òun ò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní aró. Ọwọ́ wọn ti mọ bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ohun tó ń pa ọjà obìnrin lójú tòun ni owó tí kò sí nínú ìwé.

Ọdún kẹta tó gba ṣọ́ọ̀bù n'Ítòkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó àdìrẹ aṣọ ẹbí láwìn: mẹ́tàlélógún, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Tí wọ́n bá ti ṣe ìyàwó tán, yóò sanwó. Oṣù mẹ́ta kọjá. Nígbà tí ìyá aláró lọ béèrè owó, ọ̀rẹ́ ní mọ́kàndínlógún lòun kó. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Owó mẹ́rin wọgbó, ọ̀rẹ́ náà wọgbó, ìkòkò aró sì gbẹ torí kò sówó sódà.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kàgbákò àwìn nínú àwọn aláró Ẹ̀gbá. Láàárín 1930 sí 1939, aṣọ funfun tí wọ́n ń gbà láwìn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó di gbèsè sí wọn lọ́rùn nígbà tí ọjà kú. Aláké Adémọ́lá Kejì tún fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin náà fàáké kọ́rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè nípa ayédèrú àdìrẹ láti Ṣáínà.

“Èló ni tìrẹ ń ná ọ?”

Ọmọ náà ka aṣọ, aró, sódà.

“Igi ìdáná ńkọ́? Ìbọ̀wọ́? Ọ̀kadà? Ọwọ́ tìrẹ tó bó yẹn, ọ̀fẹ́ ni?”

“Mi ò ṣírò ìyẹn, Mà.”

Ìyá aláró na ìwé gbèsè rẹ̀ àtijọ́ sí i, ìwé tí ìka aró ti tẹ̀ sí gbogbo etí rẹ̀, ó ní kó ka orúkọ òkè pátápátá síta. Orúkọ ìyá aláró fúnra rẹ̀ ni. Abẹ́ rẹ̀ ni iyọ̀, gáàsì, bàtà ọmọ, aṣọ ẹgbẹ́, owó ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀, inú owó aró ló ti mú un. Oṣù mọ́kànlá ló fi san án padà fún ṣọ́ọ̀bù.